Àpáàdì Ìkòkò Iyọ̀ Ìyá Rẹ

Sẹ́nàmì ọmọ mi,

Alájì Sàlíù tó ń ta pákó létí èbúté ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Ó ní lẹ́tà gidi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé inú mi dùn púpọ̀ láti kọ ọ́. Mo ní inú mi ò dùn, inú mi ò sì bàjẹ́, kó máa kọ ohun tí mo bá wí. Bí o bá wá rí ọ̀rọ̀ aládùn níbì kan, Alájì ló yọ́ ọ fi síbẹ̀.

Ara mi le. Orúnkún òsì ń dùn mí tí mo bá ń wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wọ̀ ọ́. Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò nígbà tí o wá, mo ti fi imọ̀ àgbọn tuntun bò ó. Ìròyìn tèmi tán.

Nígbà tí o wá lóṣù tó kọjá, ohun méjì lo sọ fún mi. O ní yunifásítì kan ní erékùṣù kan lókè òkun ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé ìwọ ni wàá máa kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìwé tí àwọn ará erékùṣù tí òyìnbó ti jọba lé lórí rí ń kọ nípa ara wọn. O tún ní ìwọ náà ti kọ ìwé kan nípa erékùṣù tiwa, Ìdí Àgbọn yìí, àti pé ní ìparí oṣù tí a wà yìí ni ìwé náà yóò dé ọwọ́ àwọn tó ń tẹ̀wé. O jókòó lórí àpótí ìyá rẹ, o kà á fún mi lọ́jọ́ méjì gbáko, o ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì bí o ṣe ń lọ. Nígbà tí o parí, o bi mí pé kí ni mo rí sí i. Mo ní ó gùn. O rẹ́rìn-ín, o ní kò tíì sí ẹni tí Bàbá yìn rí. O wọ ọkọ̀ padà sí Àgbádárìgì.

Ó gùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò rí bí o ṣe kọ ọ́, èmi nìkan ló sì kù láyé tó mọ bó ṣe rí. Bí mi ò bá sọ ọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, bí o ṣe kọ ọ́ ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Ìdí tí mo fi pe Alájì nìyẹn. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí ìrìnàjò rẹ, torí bí mo bá fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú, o lè má ka ìyókù.

Ìmọ̀ràn kìíní jẹ mọ́ orúkọ.

O sọ fún mi pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ará erékùṣù wọ̀nyẹn, ẹnì kan wà tó ń wá orúkọ tó sọnù. Òyìnbó ra bàbá bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ ní orúkọ bí ẹni ń gé etí ewúrẹ́ fún àmì, ọmọ-ọmọ wá ń kiri ayé ó ń béèrè ohun tí wọn ì bá máa pe òun. Mo gbà á gbọ́. Mo ti gbé ọ̀kan nínú wọn sínú ọkọ̀ mi rí. Ìwọ ti wà ní Ìbàdàn nígbà náà. Ọkùnrin gíga kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ nǹkan sí. Mo gbé e kọjá ọ̀sà lọ sí apá etíkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọ́kọ̀ láyé àtijọ́. Ó dúró lórí yanrìn, ó sunkún. Èmi jókòó sínú ọkọ̀, mò ń dúró dè é, mò ń gbọ́n omi. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó bi mí pé kí lorúkọ mi. Mo ní Sunday. Ojú rẹ̀ tún kún fún omi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní wọ́n ti ṣe é fún èmi náà.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé kò sẹ́ni tó ṣe é fún mi. Hùnsù ni bàbá mi sọ mí. Lọ́jọ́ tí mo dé wọ́ọ̀fù l'Ékòó láti wáṣẹ́, nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú, akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì kì í ṣe òyìnbó. Kì í sì í ṣe Ègùn bíi tiwa, ọmọ Yorùbá bíi Alájì yìí ni. Mo rí i pé àwọn tó wà níwájú mi lórí ìlà ń jẹ́ Friday, wọ́n ń jẹ́ Michael, wọ́n sì ń wọlé. Nígbà tó kàn mí, mo ní Sunday. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ ẹ níbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ sì tán, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ sílẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n ṣe ń pè mí ní èbúté nìyẹn.

Alájì ní kí n fi àwọn ọmọ Yorùbá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi. Mo ní kó kọ ìyẹn náà.

Nítorí náà, bí o bá dé ọ̀hún, tí wọn ò bá lè pe Sẹ́nàmì, kọ́ wọn. Bí ahọ́n wọn bá yí i po, jẹ́ kó yí i po. Má fún wọn ní òmíràn. Orúkọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ó lè sunkún béèrè rẹ̀ padà, wọn á sì bá a sunkún. Èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù sọ́sà, ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti béèrè rẹ̀?

Ìmọ̀ràn kejì jẹ mọ́ èdè. O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ilé ìwé ló gba èdè Ègùn lẹ́nu rẹ. Tíṣà yín nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí rẹ̀, òótọ́ ni. Ìyá rẹ wọ ọkọ̀ lọ bá a, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ náà títí ọ̀gá ilé ìwé fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹgba kan kò lè lé èdè lọ bí ilé bá dì í mú. Èmi ni mo ṣòfin pé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí ẹ máa sọ nínú ilé mi. Mo wo àwọn tó ń gba ìgbéga ní wọ́ọ̀fù, mi ò rí Ègùn kankan láàárín wọn, mo wá rò pé èdè ló ń dí wa lọ́nà. Ìyá rẹ a máa bá ọ sọ Ègùn nídìí iná iyọ̀ rẹ̀ bí mi ò bá sí nílé. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn mi létí omi, ẹ̀yin méjèèjì a dákẹ́. Mo máa ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà kí n tó so ọkọ̀. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Wàyí o, mo ní ohun gidi láti bá ọ sọ, mi ò sì lè fi èdè tí mo fi ń ronú sọ ọ́. Mò ń rò ó lÉgùn, mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún Alájì, díẹ̀ sì ń jò dànù lójú ọ̀nà bí omi inú agbọ̀n. Ovi ṣie. Ọmọ mi ni ìyẹn. Bí mo ṣe máa ń pè ọ́ nínú ọkàn mi nìyẹn, mi ò sì mọ̀ bóyá o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí.

Má ṣe dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kí o máa dárò èdè náà. Kò kú. Wọ́n ń fi í jà lọ́jà ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn bodè lójoojúmọ́. Kí o tó lọ, lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ ní Iworo. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó má fún ọ lóúnjẹ bí o kò bá fi Ègùn béèrè. Ó ní bó ṣe wu òun náà nìyẹn, pé o ti sanra jù.

Ẹ̀kẹta. Alájì ló ní ẹ̀kẹta ni, èmi ò kà á.

Nínú gbogbo ìwé tí o sọ ìtàn wọn fún mi, òyìnbó kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ibi. Mi ò sọ pé kò ṣe é. Bàbá bàbá mi gbé wọn léjìká kọjá àbàtà, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbá a ní ìhà kó lè yára. Àwọn tó ni oko àgbọn erékùṣù yìí nígbà èwe mi, wọ́n na ọ̀rẹ́ mi torí àgbọn tí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ já lulẹ̀. Ojú mi ló ṣe. O kọ ìwọ̀nyẹn síbẹ̀, o sì kọ wọ́n dáadáa. Má yọ ọ̀kan kúrò. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìka tó bá sì ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹni tó bá gé ìka mìíràn torí pé ìka náà ti ṣẹ̀ rí lọ́jọ́ mìíràn, kò tíì dájọ́.

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Nínú ìwé rẹ, ọ̀gá òyìnbó kan gúnlẹ̀ sí Ìdí Àgbọn pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì láyé ìyá ìyá rẹ. Ó bá màmá àgbà náà nídìí ààrò, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ se iyọ̀ mọ́, kí wọ́n máa ra ti ọkọ̀ òkun. Ó fọ́ ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. O kọ ọ́ pé èyí tó tóbi jù nínú wọn, ètè rẹ̀ ti kán tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi wáyà dè é. O kọ ọ́ pé omi gbígbóná dà sínú iná, eérú fò sókè, èkùrọ́ kan sì ń yí gbirigbiri lọ nínú omi náà títí ó fi dúró lẹ́sẹ̀ ọmọ kékeré kan. O kọ ọ́ pé màmá àgbà náà mú àpáàdì kan, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀. Nígbà tí o kà á, òórùn èéfín yẹn dé imú mi. O mọ̀wé kọ.

Mo bi ọ́ níbi tí o ti rí wáyà yẹn. O ní o kàn rò ó ni, pé bí òǹkọ̀wé ṣe ń ṣe nìyẹn.

Sẹ́nàmì, o ò rò ó. O rí i. Ìkòkò ìyá rẹ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́, o dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ sì ni èkùrọ́ náà yí dé. Òyìnbó ti kó ẹrù wọn lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi ni mo fọ́ wọn.

Alájì gbé bírò sílẹ̀ níbí. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá kì í kọ sọ́mọ. Mo bi í bóyá kí n wá akọ̀wé mìíràn lọ sí Topo. Ó ní, "Ègùn, olóríkunkun ni ẹ́." Ó ti tún gbé e.

Ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ náà fún ọ bó ṣe rí, torí o kọ ọ́ nínú ìwé rẹ bí ẹni pé iyọ̀ kàn ń hó jáde nínú ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọ̀sà bá fà sẹ́yìn, ilẹ̀ etí omi a máa funfun. Ìyá rẹ a fi ìkarahun ha erùpẹ̀ náà jọ, a dà á sínú agbọ̀n, a gbé agbọ̀n náà ka ẹnu ìkòkò, a sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ń kán sísàlẹ̀ ni omi iyọ̀. A ju èkùrọ́ kan sínú rẹ̀. Bí èkùrọ́ náà bá rì, omi náà ò tíì le tó, a tún un sẹ́. Bó bá léfòó, a gbé e kaná. Ìkòkò mẹ́fà ló ń jókòó lórí ààrò kan ṣoṣo, òun náà a sì jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi máa lọ, títí omi yóò fi gbẹ tí iyọ̀ yóò kù. Iyọ̀ náà dúdú díẹ̀. Àwọn ará Imeke máa ń wọ ọkọ̀ wá bá a torí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe fómánì. Mo ra rédíò, mo ra àga onítìmùtìmù mẹ́rin, mo fi ọkọ̀ gbé wọn wá sí Ìdí Àgbọn, atẹ́gùn iyọ̀ sì jẹ irin wọn láàárín ọdún méjì. Mo pe ọ̀gá mi ní wọ́ọ̀fù pé kó wá mu omi àgbọn lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kó má dáná iyọ̀ lọ́jọ́ náà, kó wọ léèsì tí mo rà fún un. Ó ní omi ti wà nínú ìkòkò láti àná, pé òjò tó ṣú yẹn á bà á jẹ́ bí òun ò bá sè é. Ó dáná.

Ọ̀gá mi dé, òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bá ìyá rẹ nídìí ààrò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun dé orúnkún, èéfín ti pọ́n ojú rẹ̀, aṣọ kan ṣoṣo ló ró mọ́yà. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn. Ọ̀gá mi wò ó, ó wá yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Fómánì, o ti lówó o. Ìwọ náà ti ní ọmọ ọ̀dọ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìyá rẹ gbọ́. Kò jìnnà sí wa ju ibi tí Alájì jókòó sí mi yìí lọ. Ó dìde, ó la àgbọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó ọ̀gá, ó pè é ní Màdáámú. Gbogbo àsìkò tí wọ́n fi jókòó, kò bá wa jókòó. Ó ń ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀. Obìnrin yẹn bi í pé ọdún wo ló dé ilé yìí, ó ní ó ti tó ọdún mẹ́wàá, pé wọ́n ń tọ́jú òun. Irọ́ tí mo pa, ó bá mi gbé e dúró kí ojú má bàa tì mí níwájú àlejò. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ká ní ó já mi nírọ́ ni, ǹ bá ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, mo mú àjẹ̀ tí mo fi ń tukọ̀. Wọ́n ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Àjẹ̀ àbínújù a máa fọ́ ìkòkò. Mo fọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni ń wo òjò. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Ṣé ó tán?" Mo ní ó tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú àpáàdì kan, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé ọ, ó wọlé.

Àpáàdì tó wà lórí tábìlì rẹ nìyẹn, èyí tí o fi ń tẹ ìwé kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Kì í ṣe ti ìyá ìyá rẹ.

Mo ra iyọ̀ funfun inú àpò wálé. Ó ń fi se oúnjẹ tèmi àti tìrẹ. Tirẹ̀, a kọ́kọ́ bù ú sọ́tọ̀ kó tó fi iyọ̀ sí i. O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé dókítà ló ní kí ìyá rẹ má jẹ iyọ̀. Kò sí dókítà kankan. Kò bá mi jà, kò kó jáde, kò sọ̀rọ̀ náà fún ará ilé rẹ̀. Ó kàn ń jẹ oúnjẹ ní àtẹ́ níwájú mi lójoojúmọ́, mo sì ń wò ó.

Nígbà tí owó epo gbẹ, wọ́n lé wa ní wọ́ọ̀fù. Mo padà sídìí ọkọ̀. Kò pẹ́ sí i ni iyọ̀ funfun náà di ohun tí wọ́n ń tò fún. Mo tò l'Àgbádárìgì láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, èmi ọkọ obìnrin tó mọ iyọ̀ sè, pẹ̀lú ọ̀sà lẹ́yìn mi. Ìwọ̀n agolo kan ni mo rí rà. Mo gbé e délé. Ìyá rẹ wo agolo náà, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ àjẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sẹ́nàmì, ẹ kúuṣẹ́. Ẹ ti ra iyọ̀ wá fún àwọn oníyọ̀."

Lọ́sẹ̀ náà, mo ra ìkòkò mẹ́fà tuntun láti Àjàṣẹ́, mo gbé wọn sẹ́nu ààrò. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nígbà náà, mo rò pé ìkòkò á bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó pọn omi sínú márùn-ún, ó gbin ata sínú ọ̀kan. Mo bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́ náà ni. Ó ní, "Kò gbàgbé. Ó kọ̀ ni."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́ nígbà tí tíṣà yín ní kí ẹ kọ àròkọ nípa iṣẹ́ ìyá yín àgbà. O wá bá ìyá rẹ níta, ó ń ṣa ẹja. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mò ń di àwọ̀n. O ní ta ló fọ́ ìkòkò tí àpáàdì yẹn jẹ́ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Àwọn òyìnbó ni, nígbà ayé ìyá mi." O kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tíṣà yín sì kà á fún gbogbo kíláàsì. Ibẹ̀ ni ìwé rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó pẹ̀lú àwọ̀n lọ́wọ́. Ó fi òyìnbó bò mí láṣìírí. Nígbà tó wọlé, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ọmọ ò lè ní bàbá méjì, pé òun ò fẹ́ kí o pàdánù èyí tí o ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí a fi gbé e sin sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tó kú sómi. Ọdún kẹjọ rèé. Mi ò sunkún lórí àwọn méjèèjì. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn, bó ṣe rí ni.

Alájì ní o lè bínú, pé o lè má wá kí mi kí o tó wọkọ̀ òfurufú. Mo ti rò ó. Kì í ṣe inú lẹ́tà yìí ni ìbínú náà á ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí èkùrọ́ yẹn ti kan ẹsẹ̀ rẹ. O kàn ń bá ẹlòmíràn bínú ni. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Irọ́ ni. Èmi tí mo ṣu, mi ò gbàgbé.

O lè ní àwọn tó máa ka ìwé náà ní àwọn erékùṣù ọ̀hún fẹ́ràn òyìnbó tó fọ́ ìkòkò ju dúdú tó fọ́ ọ lọ. Ó ṣeé ṣe. Ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn náà ì bá fẹ́ràn kí wọ́n sọ mí ní Sunday ju kí n sọ ara mi lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí o sọ fún mi, mi ò gbọ́ ti ẹnì kan tí òyìnbó ti fi sílẹ̀ lọ, tó wá dìde fúnra rẹ̀ mú àjẹ̀. Bóyá wọn ò ní irú wa lọ́hùn-ún. Mo rò pé wọ́n ní. Wọ́n lè máa dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ju èkùrọ́ sínú ìwé náà. O mọ ohun tí mò ń wí.

Mo ro ọ̀rọ̀ ìyá rẹ wò bákan náà, bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti tú ohun tó dì. Ẹ̀bùn tó fún mi ni. Mo ti lò ó tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Bí o bá lè ṣe é kí oṣù tó parí, ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bi ọ́. Mú òyìnbó àti ọlọ́pàá méjì yẹn kúrò lójú ewé ìkòkò. Gbé ìkòkò náà fún ẹni tó ni ín, kí o sì pè é ní orúkọ rẹ̀, Sèwánù, torí kò sí ibi tí orúkọ rẹ̀ gbé wà nínú gbogbo ìwé náà, ìyá ìyá rẹ lo fi rọ́pò rẹ̀. Fi àlejò wọ́ọ̀fù síbẹ̀, fi ohun tó sọ síbẹ̀, fi ohun tí mo dá a lóhùn síbẹ̀. Fi oúnjẹ àtẹ́ síbẹ̀. Má jẹ́ kí n sunkún níbì kan nínú rẹ̀, torí mi ò sunkún.

Alájì ti kọ tán, ó ní kí n tẹ̀ka. Mo ti fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ìwé yìí, o máa rí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wakọ̀ lọ sí Ìbàdàn ni yóò gbé e fún ọ lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí o bá dé ibi àjẹ̀, tí o fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó mú un, má kọ Sunday. Sunday kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan, mo kàn rí i lórí ìlà ni.

Hùnsù ni kí o kọ.